Ẹ̀fẹ̀ Kì í Ṣe Ohun Tí À Ń Wò Lásán: Láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Crossness

Ìfáàrà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan gbọ́ èdè kan dáadáa, ẹ má bi í ní gírámà. Ẹ dá àpárá lójú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un.

Yorùbá ní orúkọ púpọ̀ fún ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín: àpárá, àwàdà, yẹ̀yẹ́, ẹ̀fẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà o. Ọ̀rẹ́ a máa dá àpárá fún ọ̀rẹ́. Yẹ̀yẹ́ lè dun ẹni tí a fi ṣe é. Ní ìlú Kétu àti agbègbè rẹ̀, Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nígbà tí òṣèré máa ń fi orin bá àwọn aṣebi wí ní gbangba. Ìbéèrè mi ni pé: báwo ni a ṣe lè ṣe ìwádìí nípa irú nǹkan báyìí? Ṣé kí á jókòó kí á máa wò ó ni, àbí kí á bọ́ sójú agbo? Ìtàn yóò dá wa lóhùn.

Òyìnbó tí wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀

Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí ó pè ní Katunga nínú ìwé rẹ̀. Richard Lander wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ṣe eré kan fún wọn níbẹ̀, ìpele mẹ́ta ni eré náà sì ní. Ní ìpele kìíní, àwọn òṣèré wọ àpò ńlá, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì. Ní ìpele kejì, erè jáde láti inú àpò. Ní ìpele kẹta, ẹnì kan bọ́ síta tó funfun láti òkè délẹ̀. Ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń ra ọwọ́ pọ̀, ó ń fín áṣáà, ó sì ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ilẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n ń ṣe! Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń yíjú sí àwọn àlejò náà láti mọ̀ bí eré ṣe rí lójú wọn.

Àwọn òṣèré yìí ni a mọ̀ sí eégún apidán tàbí alárìnjó. Joel Adédèjì ló kọ iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1969. Ó fi hàn pé Òyìnbó kàn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dá tí wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni: ọ̀mùtí wà níbẹ̀, Tápà wà níbẹ̀, Ìdàhọ̀mì náà ò gbẹ́yìn.

Ẹ wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Clapperton kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ dáadáa. Ó tún sọ pé àwọn obìnrin ọba ń kọrin láàárín ìpele kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n kò kọ ọ̀rọ̀ orin náà. Ó rí ẹ̀fẹ̀, kò gbọ́ ọ.

Nígbà tí àwàdà di odidi eré

Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé tirẹ̀ ní ọdún 1944. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó tẹ̀lé e, débi pé ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn ẹgbẹ́ eléré tó ń rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ti ju ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyí, àwàdà dà bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ẹni tó wá fi iyọ̀ náà ṣe oúnjẹ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá. Orin ló kọ́kọ́ ń kọ. King Sunny Adé wà lára àwọn tó ta gìtá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n sì sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀. Bàbá ahun ni Bàbá Sàlá: táì rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ó gbé aago ńlá kọ́ra, kò sì ní ná kọ́bọ̀. Ní ọdún 1982, ó gbé fíìmù *Ọ̀run Móoru* jáde. Ó kú ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n títí di òní, a ṣì ń pe àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ní aláwàdà.

Ọ̀mọ̀wé tó bọ́ sórí ìtàgé

Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1977 sí 1984. Èdè Yorùbá ló fi ń kọ́ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo, ó ń bá wọn rìnrìn àjò, ó sì ń bá wọn ṣeré lójú àwọn òǹwòran.

Kí ló rí níbẹ̀ tí ẹni tó jókòó kò lè rí? Ó rí i pé ẹgbẹ́ náà kì í kọ eré sínú ìwé kí wọ́n tó ṣe é. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á pín ipa, òṣèré kọ̀ọ̀kan á sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí àwọn òǹwòran bá rẹ́rìn-ín, òṣèré á na ibẹ̀ gùn. Bí wọ́n bá dákẹ́, á gé e kúrú. Báyìí ni eré ṣe ń dàgbà láti ìlú dé ìlú. Òun àti Báyọ̀ Ògúndíjọ tẹ mẹ́ta nínú àwọn eré náà jáde ní ọdún 1994, ìwé ńlá tí òun fúnra rẹ̀ kọ, *The Generation of Plays*, sì jáde ní ọdún 2000. Kò dá nìkan ṣe irú èyí. Ní orílẹ̀-èdè Ghana, John Collins ti bá ẹgbẹ́ Jaguar Jokers ta gìtá ní ọdún 1969 kí ó tó kọ̀wé nípa wọn.

Ní ọdún 1826, òyìnbó ni wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gọ́jọ lẹ́yìn náà, òyìnbó wà lára àwọn tó ń ṣeré. Èdè ló fà á, ṣùgbọ́n ìgboyà náà wà níbẹ̀.

Àwa tí a wà ní Crossness ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ Crossness, ní ẹ̀gbẹ́ odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1865 wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Thamesmead, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sórí ilẹ̀ àbàtà ní òpin àwọn ọdún 1960. Lónìí, àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ gan-an, wọ́n sì kó ẹ̀fẹ̀ wọn wá.

Ẹ lọ síbi ìdána, kí ẹ wo alága ìdúró àti alága ìjókòó. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń súre, wọ́n ń gba owó, wọ́n ń fi ọkọ ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́: "Dọ̀bálẹ̀! Rárá o, ìyẹn ò tíì kanlẹ̀!" Kò sí ìwé lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ẹbí bá fọ̀ ni wọ́n ń fèsì sí, gẹ́gẹ́ bí ti ẹgbẹ́ Adéjọbí gan-an. Ṣùgbọ́n bí ọkọ ìyàwó bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí síbí, tí kò gbọ́ Yorùbá, ipò Clapperton ló bọ́ sí yẹn. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín tẹ̀lé wọn, kò sì mọ ohun tí wọ́n sọ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín yìí ló pa ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu mọ́. Ọmọ kan fẹ́ sọ pé "ọkọ̀ mi ti bàjẹ́," ó ní "ọkọ mi ti bàjẹ́." Ilé dàrú sí ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ. Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń rín. Mo fi kún un pé a lè fi í ṣeré pẹ̀lú. Ẹ mú àṣìsọ yẹn, ẹ kọ ìtàn ìlà márùn-ún sí i, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ òṣèré kankan sílẹ̀. Ẹ ṣe é lójú àwọn òbí yín, kí ẹ gba ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà. Ẹ kọ ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, ẹ sì kọ ibi tí wọ́n dákẹ́. Ẹ bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Ìwádìí gidi nìyẹn: ẹ ó mọ iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe nínú ẹ̀fẹ̀, ẹ ó sì mọ ibi tí àpárá ti ń di yẹ̀yẹ́ tó ń dunni.

Ìkádìí

Alárìnjó, Bàbá Sàlá, ẹgbẹ́ Adéjọbí, àti àwọn alága ní Thamesmead ń kọ́ wa ní nǹkan kan náà: inú agbo ni ẹ̀fẹ̀ wà. Àṣìsọ tí wọ́n fi rín ọ lánàá, bí o bá mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ lórí ìtàgé lọ́la, tìrẹ ni ẹ̀rín náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wo yín lójú nìkan bí wọ́n ṣe wo Clapperton. Ẹ bọ́ síta.