Ta Ló Júwe Ìwé Yẹn fún Yín?

Láti Igbó-Ọrà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Lónìí, mo fẹ́ sọ bí ìwé ìtàn ṣe ń ti ọwọ́ òǹkàwé kan dé ọwọ́ òǹkàwé mìíràn. Mi ò sọ ti ìtàn àròsọ o. Ìwé tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mò ń wí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí The History of the Yorubas. Samuel Johnson, pásítọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, ló kọ ọ́, ó sì parí rẹ̀ ní 1897. Ní 1899, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú òyìnbó, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún ìwé náà kọ. Ní 1916, ó fi í rán ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Appam. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà! Ìwé kan náà, ó sọnù lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run yọ wọ́n, wọ́n rí ẹrù náà gbà padà, ìwé sì jáde ní 1921. Obadiah ti kú ní 1920. Nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kò sí èyí tó rí i.

Kí ló wá kan Ìbàràpá níbẹ̀? Níbi tí Johnson ti ń ka àwọn ẹkùn ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ní Ẹkùn Ọ̀tún gba apá ọ̀tún odò Ògùn wá títí dé Ìbàràpá. Ó parí. Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè, Ìgàngàn: ìlú méje, ó fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kọjá lórí wa níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí díẹ̀ tí mo bá dé ojú ìwé yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i, àfi kó wá òǹkàwé tó ti ṣíwájú. Tèmi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Toyin Falola. Ìwé rẹ̀, Yoruba Gurus, tó jáde ní 1999, dá lórí àwọn tó jókòó sílé kọ ìtàn ìlú wọn láì jẹ́ olùkọ́ yunifásítì. Isaac Akinyele wà níbẹ̀, ẹni tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, tó wá di Olúbàdàn ní 1955. Samuel Ojo, Badà Ṣakí, náà wà níbẹ̀, aládùúgbò wa ní Òkè-Ògùn. Ìwé kan ṣoṣo, ó júwe ilé àwọn yòókù fún mi. Látìgbà náà, ẹ̀yìn ìwé ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí, níbi tí òǹkọ̀wé ti to orúkọ àwọn ìwé tó kà sílẹ̀. Ẹ dán an wò, ó sàn ju kéèyàn máa retí ohun tí fóònù bá gbé wá.

Ìwé Johnson lé ní ojú ìwé 600, mi ò ní fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Tí ọ̀rẹ́ mi bá ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, A Mouth Sweeter Than Salt ni mò ń fún un, níbi tí Falola ti sọ ìgbà èwe rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ẹ̀rín á pa á. Bó bá yá, á padà wá béèrè Johnson fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Ẹ kọ Igbó-Ọrà sórí Google, ìbejì ni yóò kún ojú fóònù yín. Kò burú; láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá, àwọn dókítà sì ti kọ̀wé nípa ìbejì wa dáadáa. Àmọ́ ìwé ìtàn pẹlẹbẹ tí àwọn bàbá wa kọ, tí wọ́n tẹ̀ ní ìwọ̀nba, tí wọ́n pín níbi ayẹyẹ, abẹ́ àpótí ló wà. Kò sí Obadiah tó ń tún un kọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà bóyá irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nílé. Tó bá wà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ àti ojú ìwé kìíní, níbi tí orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún wà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Màá ka orúkọ wọn lórí ètò wa tó ń bọ̀, látorí Tápà.