Láti Ilé Ẹ̀kọ́ Girama Dé Yunifásítì: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọmọ Wa ní Ara àti Agbègbè Èjìgbò

Ní ọdọọdún, bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde, ìdúpẹ́ a máa pọ̀ nínú àwọn ìjọ wa ní Ara, ní Èjìgbò àti ní àwọn ìletò tí ó yí wọn ká. Ohun tí ó yẹ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún bá fẹ́ parí, a tún máa ń rí lára àwọn ọmọ tí a torí wọn dúpẹ́ tí wọ́n ṣì jókòó sílé. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni ó kùnà nínú ìdánwò.

Mo rántí ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa. Máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò JAMB ju èyí tí ilé ẹ̀kọ́ tí ó yàn béèrè lọ, èsì WAEC rẹ̀ sì dára. Ó san owó fún ẹnìkan tí ó ní ilé kọ̀ǹpútà pé kí ó bá òun gbé èsì náà lọ sí ìkànnì JAMB. Onítọ̀hún ní òun ti ṣe é. Kò ṣe é. Nígbà tí a ó fi mọ̀, ìgbaniwọlé ti parí, ọdún kan gbáko sì lọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ wí fún mi pé, "Àwa rò pé ìdánwò nìkan ni iṣẹ́ náà." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ìdánwò jẹ́ ẹnu-ọ̀nà ńlá, ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń pàdánù.

Yíyan sọ́bújẹ́ẹ̀tì láti SS1

Ìgbà tí ọmọ bá wọ SS1 ni ìrìn-àjò yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí ó bá yàn nígbà náà ni yóò sọ kọ́ọ̀sì tí ó lè kà. Nínú ìdánwò JAMB, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni olúkúlùkù ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan, mẹ́ta yòókù sì gbọ́dọ̀ bá kọ́ọ̀sì náà mu. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yóò ṣe Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Ẹni tí ó fẹ́ di agbẹjọ́rò yóò mú Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìṣirò owó kò gbọdọ̀ fi Ìṣirò àti Ẹkonọ́míìsì sílẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ pàápàá ń béèrè Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àbá ṣe èyí. JAMB ní ìwé ìtọ́sọ́nà lórí ìkànnì rẹ̀ tí a ń pè ní IBASS, nínú èyí tí a ti to ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni láti kà á. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kà á fún yín sókè kí ó tó yan ẹ̀ka tí yóò wọ̀.

WAEC àti NECO

Máàkì JAMB kò lè dá dúró. Ohun tí yunifásítì ń béèrè ni kírẹ́díìtì márùn-ún, ó kéré tán, nínú WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, tàbí NECO, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999. Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà nínú márùn-ún náà. Ìṣirò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ àwùjọ. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń gba èsì ìjókòó méjì, àwọn kọ́ọ̀sì kan sì wà tí wọn kì í gbà ju ìjókòó kan lọ.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí a ti sọ òtítọ́ fún ara wa. Àwọn òbí kan nínú ìjọ ń wá ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn fún ọmọ, wọ́n sì ń pè é ní ibùdó ìyanu. Kò sí ìyanu níbẹ̀. WAEC ní agbára láti fagi lé èsì odidi ilé ẹ̀kọ́ bí àṣírí bá tú. Bí kò bá sì tú, ọmọ tí a kọ ìdáhùn fún yóò dá jókòó níwájú kọ̀ǹpútà JAMB níbi tí a ti ń fi ìka ọwọ́ mọ olúkúlùkù. Ẹ má jẹ́ kí a fi owó wa ra ìtìjú fún ọmọ wa.

Ìforúkọsílẹ̀ JAMB

Ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ dá JAMB sílẹ̀, láti ọdún 2015 sì ni gbogbo ìdánwò rẹ̀ ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ìforúkọsílẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, kì í sì í pẹ́ kí ó tó parí. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí a ti múra rẹ̀ sílẹ̀ kí ọdún tuntun tó dé nìyí.

Àkọ́kọ́ ni NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ètò orúkọ tí ó wà lórí NIN ni JAMB yóò lò. Bí orúkọ ibẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ilé ẹ̀kọ́, kí a lọ tún un ṣe ní ọ́fíìsì NIMC nígbà tí ọmọ ṣì wà ní SS2. Kí a ṣọ́ ọjọ́ ìbí pẹ̀lú, nítorí pé ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 16 kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Èkejì ni nọ́ńbà fóònù. Ọmọ yóò tẹ NIN, yóò fi àyè sílẹ̀, yóò tẹ nọ́ńbà mọ́kànlá ti NIN rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 kí ó lè gba kóòdù. Nọ́ńbà fóònù kan kò lè sìn ju ọmọ kan lọ. Orí fóònù náà ni gbogbo ìròyìn JAMB yóò máa wọlé sí, títí kan èsì ìdánwò. Kí ó jẹ́ ti ọmọ náà fúnra rẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ ti oní-kọ̀ǹpútà, kí ó má sì ṣe jẹ́ ti pásítọ̀.

Ẹ̀kẹta, ibùdó ìdánwò tí JAMB fọwọ́ sí nìkan ni a ti ń forúkọ sílẹ̀. Kí ọmọ tó tẹ ìka rẹ̀ gbà pé ó tọ́, kí ó ka kọ́ọ̀sì, ilé ẹ̀kọ́ àti sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdánwò náà fúnra rẹ̀

Wákàtí méjì ni a fún ìbéèrè 180: Gẹ̀ẹ́sì ní 60, sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yòókù sì ní 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ máàkì jẹ́ 400. Ìbéèrè máa ń jáde láti inú ìwé ìtàn tí JAMB bá yàn. Ní ọdún 2025, The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ ni. Kí ọmọ ka ìwé náà tán, kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àkékúrú.

Ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ń ba àwọn ọmọ wa tí kò ní í nílé. Kí wọ́n mọ̀ pé kò pọn dandan láti lo asin kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà mẹ́jọ tó: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tí ó kàn, P fún èyí tí ó kọjá, S láti fi parí, R láti fi padà. Ẹni tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ dán èyí wò kò ní í bẹ̀rù mọ́. Máàkì kì í dínkù nítorí ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófo.

Yíyan ilé ẹ̀kọ́

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tòṣì ní ilé ẹ̀kọ́. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, UNIOSUN, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ní ọgbà mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Èjìgbò níbi tí a ti ń kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ẹdẹ, ti ìpínlẹ̀ sì wà ní Ìrèé. Ní ti àwọn tí ìjọ Ọlọ́run dá sílẹ̀, Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi wà ní Ìwó. Owó wọn pọ̀ ju ti ìjọba lọ.

Ní oṣù keje ọdún 2025, JAMB àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ fi 150 ṣe máàkì tí ó kéré jù fún yunifásítì, àti 100 fún ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti ti olùkọ́ni. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọ́ọ̀sì bí ìṣègùn sì ń béèrè máàkì tí ó ga púpọ̀. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú 100 ni a ń fi máàkì nìkan gbà, ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́, ìdá 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun tí ó yan Ilé-Ifẹ̀ ní àǹfààní nínú ìdá kejì yìí. Kí ọmọ sì ranti pé ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í wo ẹni tí kò fi wọ́n ṣe àṣàyàn àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn tí èsì bá jáde

Ibi tí ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pàdánù nìyí. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó kù. Èkíní ni àyẹ̀wò tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005. Orí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ ni a ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un, ọjọ́ rẹ̀ sì yàtọ̀ síra. Èkejì ni gbígbé èsì WAEC tàbí NECO lọ sí ìkànnì JAMB. Ẹni tí ó ṣe ìdánwò JAMB kí èsì WAEC rẹ̀ tó jáde gbọ́dọ̀ padà lọ ṣe èyí ní ibùdó tí JAMB fọwọ́ sí tàbí ní ọ́fíìsì JAMB. Láìsí èyí, máàkì kò wúlò. Kí ọmọ wọ ojú ewé tirẹ̀, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí èsì náà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni CAPS, ètò tí JAMB gbé kalẹ̀ ní ọdún 2017. Níbẹ̀ ni ìgbaniwọlé ti ń hàn, níbẹ̀ ni ọmọ yóò sì ti tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà tàbí òun kò gbà. Nígbà mìíràn, ilé ẹ̀kọ́ a fi kọ́ọ̀sì mìíràn lọ̀ ọ́. Kí ó máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìgbaniwọlé yóò fi parí.

Àwọn ọmọ wa tí ó ti Abidjan dé

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé àwọn ará Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ pọ̀ ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, àwọn ọmọ sì ń padà wálé tí Faransé dá ṣáká lẹ́nu wọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìwé-ẹ̀rí tiwọn kì í ṣe ti WAEC, nítorí pé orílẹ̀-èdè náà kò sí nínú àjọ WAEC. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ ní Àbújá ni ó ń yẹ irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wò. Ọ̀nà tí ó dájú jù ni kí ọmọ náà jókòó ṣe WAEC tàbí NECO níhìn-ín, kí ó sì fi ọdún kan tàbí méjì ko Gẹ̀ẹ́sì lójú kí ó tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi Faransé rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ó wà lára sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí a lè yàn nínú WAEC àti JAMB, ó sì lè di iṣẹ́ ìgbésí ayé fún un.

Ọ̀rọ̀ owó, àti ọ̀nà mìíràn

Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024 dá NELFUND sílẹ̀. Kò sí èlé lórí owó náà. Ilé ẹ̀kọ́ ni a ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè béèrè 20,000 náírà lóṣooṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú NYSC ni sísan padà yóò bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ó wà fún. Síbẹ̀, gbèsè ni. Kí ọmọ àti òbí jọ jókòó rò ó.

Bí àyè kò bá sì yọ lọ́dún yìí, ayé kò tíì parí. Ẹni tí ó gba NCE ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tàbí ND ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, tàbí tí ó yege nínú IJMB tàbí JUPEB, lè gba ọ̀nà tí a ń pè ní Direct Entry wọ ìpele 200 ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa ni ó gba ọ̀nà yìí.

Ohun tí ìjọ lè ṣe

Ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin aṣáájú, a ti ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ tí ń lọ ṣe ìdánwò, a kò sì ní í dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun mẹ́ta kún un. Ní oṣù kẹwàá, kí a béèrè NIN ọmọ SS3 kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ, kí a sì wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ bára mu. Kí a yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìjọ fún wọn ní ọjọ́ Sátidé láti fi dán ìdánwò wò. Lẹ́yìn ìdúpẹ́, kí a yan olùkọ́ kan nínú ìjọ tí yóò máa bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè pé, "Ǹjẹ́ o ti gbé èsì rẹ sórí ìkànnì? Ǹjẹ́ o ti wo CAPS ní ọ̀sẹ̀ yìí?"

Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ tún ìdánwò ṣe ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ tí a gbé èsì WAEC rẹ̀ lọ sórí ìkànnì, bàbá rẹ̀ bá a lọ. Ó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀ títí ó fi fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó wọlé. Kí Olúwa fún àwọn òbí wa ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi òye fún àwọn ọmọ wa.