Bí Àwọn Baba Wa Ṣe Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ilé-ìwé ni àwọn baba wa ti kọ́kọ́ pàdé èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé tísà kan ló dúró níwájú pátákó dúdú, tó mú ẹfun lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń ké tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí fún gbogbo wọn o. Kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó fojú kan síléètì ni Gẹ̀ẹ́sì ti wà lẹ́nu wọn, owó ló sì gbé e débẹ̀. Ẹ wo eépìnnì, ẹ wo sísì, ẹ wo ṣílè. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lọ́jà, tí kò mọ Á yàtọ̀ sí igi òbèlè, kò gbọdọ̀ ṣi àwọn orúkọ wọ̀nyí gbọ́, nítorí bó bá ṣì wọ́n gbọ́, owó ọjà rẹ̀ ni yóò fi kọ́gbọ́n.

Ti kọ́bọ̀ ló tilẹ̀ dùn jù lọ. "Copper" tí Òyìnbó ń pe bàbà ni àwọn baba wa gbọ́ tí wọ́n sọ di kọ́bọ̀, wọ́n sì fi ń pe pẹ́nì Òyìnbó. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún pẹ́ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tí Nàìjíríà pa pọ́ùn àti ṣílè tì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, kọ́bọ̀ ni ìjọba kọ sára owó tuntun gẹ́gẹ́ bí orúkọ tiwa-n-tiwa. Àlejò ti di ọmọ onílé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni rélùwéè ṣe. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Gbogbo ibi tó gbà kọjá ló ń ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sí: sítéṣàn, tíkẹ́ẹ̀tì, gáàdì. Nígbà tí mọ́tò dé, dẹ́rẹ́bà, táyà àti bíréèkì tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó pe ẹnikẹ́ni jókòó láti kọ́ ọ ní ìwọ̀nyí. Ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan máa ń fi ọ̀nà tí àwọn àgbà ń gbà pe ọ̀rọ̀ wọ̀nyí rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹnu Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kanra láìsí fáwẹ̀lì láàrin wọn, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí "bread" fi di búrẹ́dì, tí "church" fi di ṣọ́ọ̀ṣì, tí "school" sì di súkúù. Òfin ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kì í ṣe àìgbọ́n. Òyìnbó tó bá rò pé tiwọn rọrùn, ẹ ní kó pe Àgbákin wò. Ẹ tún wo pálọ̀. Díẹ̀ ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣì ń fi "parlour" pe yàrá tí wọ́n ti ń gba àlejò lóde òní, àmọ́ baálé ilé tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan ń gba tirẹ̀ ní pálọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n gbàgbé sílé ara wọn, ọ̀dọ̀ wa ló wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí ti ìwé. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá tó fi ìwé kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a kò lè fo Àjàyí ará Òṣogùn, ẹni tí ayé mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó wọn lọ, wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí Sàró. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá ni, kò sì gbọ́ ju èdè bàbá rẹ̀ lọ. Láàrin oṣù mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ìwé, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí kò nílé mọ́, tí kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà, èdè wo ni kò ní yára gbọ́?

Ní 1843, Crowther yìí kan náà tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tún un tẹ̀ pẹ̀lú àfikún ní 1852. Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni pé kì í ṣe àwa ni wọ́n ṣe ìwé náà fún ní pàtàkì. Òyìnbó oníwàásù ni wọ́n ṣe é fún, kó lè gbọ́ Yorùbá. Láyé ọjọ́hun, àlejò ló ń ṣe wàhálà láti gbọ́ èdè onílé! Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, Yorùbá ló sì fi kọ ọ́. Lọ́dún 1859 yẹn náà ni Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther, ṣí CMS Grammar School ní Èkó, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo.

Èyí tó lówó lórí ni ọ̀pọ̀ òbí tọ̀. Ilé-iṣẹ́ Òyìnbó ń wá akọ̀wé, ìjọba náà ń wá. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 tún wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: kíka Gẹ̀ẹ́sì àti kíkọ rẹ̀ ni ìjọba yóò máa torí rẹ̀ ran ilé-ìwé lówó. Èdè ilé kò sí nínú ìṣirò wọn. Owó tún ti sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe owó oṣù nìkan ló wà ńbẹ̀ ṣá. Ẹ rántí kóòtù ayé Òyìnbó. Adájọ́ kò gbọ́ Yorùbá, ẹlẹ́jọ́ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tápítà ló wà láàrin méjèèjì. Ilẹ̀ bàbá ènìyàn, ẹ̀wọ̀n, nígbà mìíràn ẹ̀mí gan-an, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo yìí ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Bàbá tó ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan yóò ta oko kòkó kó lè rán ọmọ rẹ̀ níwèé.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣeé há sórí. Gbólóhùn ojoojúmọ́ ló ṣòro, pàápàá ìkíni. "Good morning" kò le. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ fi kí ẹni tó ń hun aṣọ? Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ kú iṣẹ́". Àwọn baba wa wá mú "well done", èyí tí Òyìnbó ń sọ fún ẹni tó ti ṣe nǹkan dáadáa tán, wọ́n fi ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkọ́. "Sorry" náà ńkọ́? Bí Òyìnbó bá rí ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, tí wa sì ní "sorry", ó lè bi wá pé ṣé àwa la gbé òkúta síbẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé pẹ̀lẹ́ la sọ. Ti "you" ló wá burú jù. Ọmọ tí kò jẹ́ sọ "ìwọ" sí bàbá rẹ̀ láéláé, bó bá ti bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, bákan náà ni bàbá àti ajá ilé. Ìdí nìyẹn tí "sir" àti "ma" fi pọ̀ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀. À ń wá ibi tí a ó gbé "ẹ" sí ni.

Àwọn onímọ̀ Òyìnbó pàápàá jókòó ro iye ọ̀rọ̀ tó tó àlejò í lò. Michael West, tó ti kọ́ni ní Íńdíà, tẹ àkójọ tirẹ̀ jáde ní 1953, nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni àwa há sórí ní tiwa? Orúkọ akọ pẹ́pẹ́yẹ, àti pé "pride" ni à ń pe agbo kìnnìún! Ọmọ tí kò rí kìnnìún rí mọ èyí délẹ̀, tí ẹ bá sì rán an lọ ra sítáǹbù ní pósọ́fíìsì, yóò máa wolẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ ya lọ sílé-ìwé bí omi. Ìyà fànákúlà náà sì ń dúró dè wọ́n. Ilé-ìwé kan wà tí mo mọ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ti ń so pátákó mọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá lọ́rùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó fi lè bọ́ ọ ni kó ká ẹlòmíràn mọ́ Yorùbá. Àwọn ọmọ ń fetí sí ẹ̀yìn ògiri, wọ́n ń ṣọ́ ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn mìíràn kàn panu mọ́ láti àárọ̀ dọ̀sán, Yorùbá kò jáde, Gẹ̀ẹ́sì kò jáde.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló dán ọ̀nà mìíràn wò ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi tísà tó dáńgájíá kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ yìí kò rẹ̀yìn ní Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ó gba ìjọba àpapọ̀ ju àádọ́ta ọdún lọ kó tó fọwọ́ sí irú rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Àbújá ni mínísítà ti kéde rẹ̀, níbi ìpàdé kan lórí èdè àti ẹ̀kọ́. British Council ló pe ìpàdé náà.