Ta Ló Ń Yan Orin Òkú?

Ọ̀rọ̀ òkú la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má tíì pa á o, ẹ fara balẹ̀ ná.

Bàbá mi fẹ́ràn Haruna Ìṣọ̀lá. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí àwa ọmọ tó jí, àgídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti ń dún ní pálọ̀. Bàbá yìí kan náà kì í pa ìsìn ọjọ́ Sunday jẹ, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Ní nǹkan bí ọdún méjì kó tó kú, a jọ ń jẹun alẹ́, ó kàn sọ ọ́ báyìí pé: "Tí wọ́n bá ń sọ mí kalẹ̀, ẹ bá mi fi Haruna sí i. Kó máà pẹ́. Òun ni kí n gbọ́ kẹ́yìn." A rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà tí ọjọ́ dé, a lọ bá àwọn tó ń ṣètò ìsìnkú ní ìjọ. Wọ́n ní orin ayé ò wọ ìsìn òkú. A ní kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì la fẹ́ ẹ sí, létí sàréè ni. Wọ́n ní ibi tí àlùfáà bá ti ń gbàdúrà, ìsìn ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìkòròdú, fà mí sẹ́yìn, wọ́n ní kí n má dójú ti ẹbí lójú àlejò. Mo dákẹ́. Lọ́sàn-án, níbi tí a ti ń ṣe àlejò, mo yọ́ lọ bá DJ, mo sọ orúkọ àwo náà fún un. Ó fi sí i lóòótọ́. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tó fi yí i padà, nítorí àwọn èèyàn ò dìde jó. Ohun tí bàbá mi rí gbà nìyẹn, kò tó ìṣẹ́jú kan, láàárín jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wádìí pé ìgbà wo gan-an ni wọ́n ti là á sí méjì báyìí, orin ẹ̀mí lápá kan, orin ayé lápá kejì, àti pé ta ló ní àṣẹ láti sọ èyí tí òkú lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa ń ṣe ìsípà fún un. Wọ́n á kó irin iṣẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á gbé ẹrù ọdẹ náà lọ sínú igbó, wọ́n á sì máa sun ìrèmọ̀jé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dáadáa kó wá ìwé Bádé Àjùwọ̀n tó ń jẹ́ Ìrèmọ̀jé: Eré Ìsípà Ọdẹ. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé ìrèmọ̀jé kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ẹni tó hun aṣọ títí tó fi kú kò ní í gba ìrèmọ̀jé, bó ti wù kó lówó tó. Ìdílé eégún ní ẹ̀sà tiwọn, àwọn àyàn ní ìlù tiwọn. Bí o bá ń kọjá lọ lọ́nà tí o gbọ́ orin, o ti mọ irú ẹni tó kú kí o tó bèèrè orúkọ rẹ̀.

Mi ò sọ pé ayé ìgbà yẹn ló dáa jù o. Òkú náà kọ́ ló jókòó yan orin, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ ló yàn án fún un. Bí ọ̀dọ́ bá sì kú, òkú ọ̀fọ̀ ni, ìlù kankan ò dún. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé orin ayé ni ìrèmọ̀jé. Ògún ló ni ín. Àwọn àgbà ọdẹ gan-an ní Ògún ló fi lélẹ̀. Ẹ̀sìn wà níbẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Lọ́dún 1846 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta, Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther wà lára wọn. Ìwé orin bá wọn dé. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, àmọ́ wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ìyẹn máa ń já sí. Yorùbá kì í ṣe èdè tí èèyàn lè gbé sókè gbé sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí orin bá fa "ọkọ" wálẹ̀, ọkọ̀ ló dà. Bó bá gbé e sókè, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko ló dé. Àwọn bàbá ńlá wa dúró létí sàréè, wọ́n ń fi gbogbo ọkàn kọ orin tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá ti há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí tẹ́lẹ̀ kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó tún ọ̀ràn yìí ṣe ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kútì, ọmọ Ẹ̀gbá, tí wọ́n bí lọ́dún 1855. Àlùfáà olórin ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ó ń kọ orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ, ó sì ń mú ohùn tí àwọn ará ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lé e. Ní àwọn ọdún 1920, nígbà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ Zonophone gba orin rẹ̀ tó lé ní 40 sínú àwo. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ohùn tí wọ́n lè pè ní ti ayé lánàá, àlùfáà mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ti ẹ̀mí. Ọdún 1930 ni bàbá yìí kú. Ẹ di orúkọ ìdílé rẹ̀ mú, a ṣì ń padà bọ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìjọ ló gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyọ̀. Lọ́dún 1961, Dúró Ládiípọ̀ gbé orin Àjíǹde kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù dùndún sí i. Ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì ni Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ó kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì di Dúró Ládiípọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Lónìí, ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì kan fún mi nílẹ̀ Yorùbá tí gángan ò ti dún rí. Ẹ máa wá a pẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ìdílé Kútì. Ìyàwó ọmọ àlùfáà olórin yẹn ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Ní February 18, 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé ọmọ rẹ̀, Fẹlá, wọ́n ju ìyá náà láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n sì dáná sun ilé. Ìyá kú ní April 13, 1978. Abẹ́òkúta ni wọ́n sin ín sí. Àmọ́ Fẹlá kò gbà pé ìsìnkú yẹn ti tán. Ní September 30, 1979, nígbà tó ku ọ̀la kí ìjọba ológun gbé àṣẹ sílẹ̀, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, wọ́n gbé e kalẹ̀ níbẹ̀ fún olórí ìjọba. Lẹ́yìn náà ló fi kọrin tó pè ní Coffin for Head of State, ó sì fi bú àwọn olórí ìjọ àti olórí mọ́sálásí nínú rẹ̀. Ní tèmi, orin yẹn ni ìsìnkú kejì tó ṣe fún ìyá rẹ̀.

Òun náà kú ní August 2, 1997. Lọ́jọ́ kejì, Ọlíkóyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ dókítà, sọ fún àwọn oníròyìn láì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ pé àrùn AIDS ni. Bẹ́kọ̀, àbúrò rẹ̀, wà lẹ́wọ̀n Abacha nígbà yẹn. Wọ́n tẹ́ Fẹlá sínú àpótí onígíláàsì ní Tafawa Balewa Square ní Èkó, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè lọ́dún 1960. Èrò bo ìgboro. Ìròyìn ìgbà yẹn ní àwọn èèyàn tó jáde lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì ń kọ orin tirẹ̀ fún un. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ sí Ìkejà, tí wọ́n sì sin ín síwájú ilé rẹ̀ ní òpópónà Gbemisola ní August 12. Ilé yẹn ti di Kalakuta Museum báyìí. Ẹ lè lọ wo sàréè náà lọ́jọ́ Sátidé kan tí ẹ ò bá níṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pe ìsìnkú Fẹlá ní ìsìnkú aláìlẹ́sìn. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọkùnrin tó máa ń bọ òrìṣà ní Shrine kí ó tó kọrin, báwo la ṣe máa pè é ní aláìlẹ́sìn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ ọmọ àlùfáà olórin kò kú sábẹ́ ìwé orin ẹlòmíì. Orin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ni wọ́n fi sin ín, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọdẹ.

Àwọn kan á sọ pé Fẹlá ni, kò sí bó ṣe máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dáa. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n sin Fẹlá, ní September 6, 1997, wọ́n ṣe ìsìn òkú Ọmọọba Diana ní Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù. Elton John jókòó sídìí dùùrù, ó kọ Candle in the Wind. Orin tó ti kọ́kọ́ kọ lọ́dún 1973 nípa Marilyn Monroe, òṣèré sinimá, ni wọ́n tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe fún Diana. Kò sí orin tó tún jẹ́ ti ayé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ìjọ Áńgílíkà ló sì ti kọ ọ́, ìjọ tó jẹ́ pé àwọn míṣọ́nnárì rẹ̀ ló kó ìwé orin dé Abẹ́òkúta.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti le rí o. Kó tó di 1880, bí o bá fẹ́ sin ẹni rẹ sí itẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, ìlànà ìjọ Áńgílíkà nìkan ni wọ́n máa fi sin ín. Òfin ọdún náà ló gbà kí ẹbí lo ìsìn Kristẹni mìíràn, tàbí kí wọ́n má ṣe ìsìn kankan rárá. Àwọn aláṣẹ ìjọ kọ́ ló dìde lọ́jọ́ kan tí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Ọdún gbọọrọ ni àwọn ẹbí òkú fi jà.

Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo rántí ìdákẹ́ mi. Bóyá ká ní mo jà ni.

Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin. Ó kú láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti wà nílẹ̀. Wọ́n kírun sí i lára ní ìdúró, kò sí rúkúù, kò sí ìforíkanlẹ̀, kò sí orin. Mo jowú wọn díẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibi fídáù ọjọ́ kẹjọ, gbohùngbohùn ti wà nílẹ̀, oní-fújì ń ki àwọn ọmọ olóògbé, owó ń fò. Haruna Ìṣọ̀lá tí bàbá mi Kristẹni fẹ́ràn yìí, Mùsùlùmí ni òun náà. Ẹ bá mi wo ayé.

Lẹ́yìn ọdún kan tí bàbá kú, mo jókòó ti ìyá mi, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún mi, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti ń múra sílẹ̀ láti gbèjà wọn níwájú ìgbìmọ̀ èyíkéyìí. Ìyá mi wò mí. "Orin ìjọ nìkan. Mi ò fẹ́ àpàlà kankan níbi òkú mi o. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi gbọ́ ọ, kì í ṣe pé mo fẹ́." Wọ́n mú ìwé orin wọn, wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí. Wọ́n ti fi báírò kọ nọ́ńbà orin mẹ́ta síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ti fagi lé ẹ̀kẹta nígbà méjì, wọ́n sì ti kọ òmíràn sí i.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, mo ní kí gbogbo àgbà ilé kọ tiwọn. Àdúrà ni gbogbo wọn fi dáhùn, pé a ò ní í rí ikú òjijì. Lóru ọjọ́ náà, ní aago méjìlá kọjá, Bàbá Ìkòròdú kọ ọ̀rọ̀ kan sórí rẹ̀. Yusuf Ọlátúnjí. Mo rí i kí wọ́n tó pa á rẹ́.