Alágbẹ̀dẹ Wúrà àti Gègé Ìkọ̀wé

Ìwọ tí báírò wà lọ́wọ́ rẹ, o lè ṣàìmọ̀ pé nígbà kan rí, ẹni tí ó fẹ́ kọ̀wé a tú gègé rẹ̀ sí méjì, a sì máa kán tàdáwà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, aṣọ a bàjẹ́.

Ní Fort Madison, ní Amẹ́ríkà, Walter Sheaffer ń ta wúrà àti ohun ọ̀ṣọ́. Ó rí gègé Conklin, tí ó ní àpò rọ́bà nínú. Ṣùgbọ́n irin tí a fi ń tẹ àpò náà yọ síta gọnbọ. (Mark Twain, òǹkọ̀wé nì, yin irin náà, nítorí kò jẹ́ kí gègé yí bọ́ láti orí tábìlì!) Sheaffer fi irin pẹlẹbẹ há ara gègé. Bí a bá gbé e sókè, àpò a fún pọ̀, afẹ́fẹ́ a jáde. Bí a bá dá a padà nígbà tí ẹnu gègé wà nínú tàdáwà, àpò a wú, a sì fa tàdáwà mu.

Ní 1908 ni ó gba ìwé àṣẹ. Ní 1912 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é fún títà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni ọdún 45 ni. Ta ni ìbá bá a wí bí ó bá jókòó ti wúrà rẹ̀? Owó ìpamọ́ rẹ̀ ni ó kó lé gègé náà, kò sì pẹ́ tí àwọn aṣègègé mìíràn fi gba ọ̀nà rẹ̀.