Colonel Sun: Ìwé Amí tí Òǹkàwé Jókòó Kọ

Colonel Sun ni orúkọ ìwé ìtàn amí kan tí Jonathan Cape tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta ọdún 1968, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí èèpo rẹ̀ pé Robert Markham ni ó kọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kingsley Amis, gbajúgbajà òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Lucky Jim ti sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti ọdún 1954, ni ó gbé agọ̀ eégún wọ̀, àmọ́ eégún tí gbogbo ọjà ti dá ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ni.

Ian Fleming, ẹni tí ó dá James Bond sílẹ̀, Bond 007, amí ọba obìnrin, a-jẹun-bí-ẹni-tí-yóò-kú-lọ́la, papò dà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1964, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 56. Àwọn àgbà a máa wí pé bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Glidrose, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ẹ̀tọ́ sí àwọn ìwé náà, ń wá ẹni tí yóò gba ipò olóògbé, òǹkàwé ni wọ́n mú, kì í ṣe ọmọ.

Òǹkàwé ni mo wí, n kò sì ṣì í sọ. Láti ìgbà tí Paul Johnson ti na àwọn ìwé Fleming ní pàṣán nínú New Statesman ní ọdún 1958, pé ìṣekúṣe, ìgbéraga àti ìwà ìkà ni ó kún inú wọn, ojú ń ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kí a rí àwọn ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Ojú kò ti Amis. Ní ọdún 1965 ó tẹ The James Bond Dossier jáde, níbi tí ó ti gbé ọtí tí Bond ń mu, oúnjẹ tí ó ń jẹ, obìnrin tí ó ń fẹ́ àti ọ̀tá tí ó ń bá jà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí onífá ti í yẹ odù wò. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ.

Nínú ìtàn náà, àwọn ọ̀tá jí M, ọ̀gá Bond, gbé nínú ilé rẹ̀. Bond sì tọ ipasẹ̀ wọn lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì, títí dé erékùṣù àfinúrò kan, Vrakonisi, níbi tí Sun, ọ̀gágun ará Ṣáínà, ti fẹ́ fi àgbá ìbọn fọ́ ìpàdé àwọn ará Rọ́ṣíà túútúú, kí ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn irinṣẹ́ àrà tí ọ́fíìsì fún Bond kò wúlò fún un rárá. Amis mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí ìwé náà ti le jù ni ibi tí Sun ti de Bond mọ́lẹ̀ tí ó sì ń fi ohun èlò ilé ìdáná lásán dá a lóró, tí ó ń ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe ní pẹ̀lẹ́tù bí olùkọ́ níwájú kíláàsì. Lẹ́yìn náà ni ó pàṣẹ fún ọmọbìnrin kan kí ó máa fọwọ́ ra Bond lára tìfẹ́tìfẹ́. Bí ọmọbìnrin náà sì ti ń ṣe é, ó gé ìdè ọwọ́ rẹ̀ kan, ó sì rọra ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ẹnu àwọn òǹkàwé kò kò. Àwọn kan yin ìtàn náà; àwọn mìíràn ní Bond yìí wúwo, pé ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu Fleming ti sọnù níbẹ̀. Ann Fleming, opó olóògbé, kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ rárá. Ó kọ àríwísí kan fún Sunday Telegraph tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ìròyìn náà kò fi lè tẹ̀ ẹ́, nítorí ìbẹ̀rù ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ẹ̀rù ń bà á pé Amis yóò sọ Bond di mẹ̀kúnnù tí kò ka ọ̀gá sí. Lójú tèmi, ìtàn kọ́ ni ó ń dun obìnrin náà: àlejò ni ó rí lórí àga ọkọ rẹ̀.

Amis kò kọ òmíràn. Ó di ọdún 1981 kí John Gardner tó gbé ìtàn Bond tuntun dé pẹ̀lú Licence Renewed. Àwọn onísinimá kò fi Colonel Sun ṣe fíìmù, ṣùgbọ́n nínú Spectre ti ọdún 2015, ọ̀rọ̀ inú ìran ìdálóró yẹn ni wọ́n fi sí ọ̀tá Bond lẹ́nu. Nígbà tí fíìmù sì parí, tí orúkọ ń gun ojú aṣọ sinimá lọ, ìdúpẹ́ wà níbẹ̀ fún àwọn àrólé Kingsley Amis, kì í ṣe ti Markham.