Igi Ọ̀pẹ Jùdéà Lára Owó Idẹ

Owó kì í ṣe ohun tí a fi ń rà tí a sì fi ń tà nìkan; ìwé tí ọba fi ń bá àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni pẹ̀lú. Àwọn àgbà tí wọ́n ná ṣílè ayé Ọba George yóò rántí pé orí ọba wà ní ojú kan, igi ọ̀pẹ sì wà ní ojú kejì. Ní ayé àtijọ́, láàrin ọgbọ̀n ọdún, igi ọ̀pẹ Jùdéà hàn lára owó idẹ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì sọ yàtọ̀ sí ti èkejì.

Ní ọdún 66 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ni àwọn Júù dìde sí ìjọba Róòmù, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ owó tiwọn. Ní ọdún kẹrin ogun náà, wọ́n ya igi ọ̀pẹ sí ara owó idẹ pẹ̀lú agbọ̀n èso méjì, wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè Hébérù pé ó wà fún ìràpadà Síónì.

Ìràpadà náà kò dé. Ní ọdún 70, Titus, ọmọ Késárì Vespasian, kó Jerúsálẹ́mù, a sì fi iná sun Tẹ́ḿpìlì. Ní ọdún 71, Vespasian rọ owó idẹ ńlá kan ní Róòmù, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó gíráàmù 25. Orí Késárì wà ní ojú kan. Ní ojú kejì, igi ọ̀pẹ náà tún dúró, ṣùgbọ́n obìnrin kan jókòó sí abẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀, a sì di ọwọ́ ẹrú ogun kan sẹ́yìn. A kọ ọ́ ní èdè Látìn pé: IVDAEA CAPTA, èyíinì ni, a ti kó Jùdéà.

Èé ṣe tí ó fi pariwo tó bẹ́ẹ̀? Jùdéà kì í ṣe ilẹ̀ tuntun, nítorí láti ọdún 6 ni ó ti wà lábẹ́ Róòmù. Ṣùgbọ́n Vespasian kì í ṣe ọmọ ọba. Ní ọdún 69 nìkan, ọkùnrin mẹ́rin ni ó jókòó sórí ìtẹ́, ogun abẹ́lé ni ó sì gbé òun, ẹni kẹrin, dé ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fi pípa ará ilé rẹ̀ yangàn; nítorí náà ni ó ṣe fi ìṣẹ́gun àwọn Júù ṣe adé.

Ìyà náà kò mọ sí orí owó. Dẹ́náríù 2 tí ọkùnrin Júù ń san lọ́dọọdún fún Tẹ́ḿpìlì, Róòmù sọ ọ́ di owó orí fún ilé òrìṣà Jupita, ó sì kan obìnrin àti ọmọdé pẹ̀lú. Ní ayé Késárì Domitian, a fi agbára gbà á. Suetonius òpìtàn kọ̀wé pé ojú òun ni a ṣe tú aṣọ arúgbó ẹni 90 ọdún níwájú èrò, láti wò bóyá ó kọlà.

Ní ọdún 96, Késárì Nerva rọ owó idẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Igi ọ̀pẹ nìkan ni ó wà níbẹ̀; kò sí obìnrin tí ń ṣọ̀fọ̀, kò sì sí ẹrú. Ohun tí a kọ yí i ká ni pé a ti mú ẹ̀sùn èké kúrò nínú owó orí àwọn Júù. Owó orí náà kò dópin, ṣùgbọ́n Róòmù fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ìwà ìkà.

Ẹ kíyèsí i, ará: ẹni tí ó ṣẹ́gun ni ó ń ya àwòrán sí ara owó, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kì í ṣe gbogbo ìtàn. Kí a tó gba ìròyìn ìṣẹ́gun gbọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹni tí ó jókòó sí abẹ́ igi.